Táyà Tí Kò Sùn

"Rọ́bà! Ṣé orí táyà yẹn ni wọ́n ti máa ya ìwọ ní fótò ni?"

Tíńrín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níta kí gírísì má baà ta sí ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀.

Rọ́bà kò gbójú sókè. Ó kúnlẹ̀ lórí táyà katakata kékeré tí ilé-ìwé wọn fi ń gé koríko, ó ń fi orúnkún méjèèjì tẹ̀ ẹ́, òógùn sì ń kán láti imú rẹ̀ sórí ríìmù. Rọ́bà kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé pẹ̀lú òórùn túùbù lára. Ó bínú títí, ó sunkún, nígbà tó yá ó ń dáhùn.

"Mò ń bọ̀," ló wí. "Ó ku díẹ̀ kó wọlé."

"Onífótò ti ń to àga o. Mo ti gba àyè fún wa ní ìlà iwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya àwa tí a ń jáde ìwé, wọn kì í ya òmíràn."

"Mo ní mò ń bọ̀."

"Kí o sì fọ ọwọ́! Mi ò fẹ́ ìka dúdú léjìká mi." Tíńrín rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ.

Ìyá Rọ́bà ni fọkanáísà àdúgbò náà. Ọkọ rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú, ó sì mọ̀ ọ́n ju ọkọ náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ilé-ìwé gbé táyà ẹ̀yìn katakata náà méjèèjì wá, nítorí pé túùbù inú wọn ti gbó, lílẹ̀ ti pọ̀ lára wọn ju ara wọn lọ. Wọ́n fi túùbù tuntun méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Ìyá náà ṣe táyà àkọ́kọ́ lánàá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, kò lè ká ìka. Ó ní òun ń lọ fi han dókítà.

"Ìwọ ni kí o ṣe èkejì," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tó jáde. "Fi ọwọ́ lásán yí inú táyà po kí o tó fi túùbù sí i. Ohun tó gún ti àtijọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Da pàúdà sí i. Fún túùbù ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kó má baà ká pọ̀. Ibi tó bá kù gbẹ̀yìn, omi ọṣẹ àti orúnkún ni o. O ò gbọ́dọ̀ fi irin kan án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Tí o bá ṣe é tán, kó sùn."

Gbogbo oníbàárà wọn ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Táyà tí wọ́n bá fi túùbù tuntun sí kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́jú. Láàárọ̀, ìyá náà á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le bí ó ti le lánàá, ó di kó máa lọ. Bí ó bá rọ̀, wọ́n á tún un tú. Àwọn kan máa ń ráhùn. Awakọ̀ kan bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Onítáyà, ṣé ọmọ tuntun ni táyà ni, tí ẹ fi ń tẹ́ ẹ sùn?" Ó dá a lóhùn pé, "Ọmọ tuntun kì í gbé bàbá rẹ̀ jábọ́ ní kòtò. Lọ, kí o padà wá lọ́la."

Rọ́bà ṣe gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ó ku ti ìgbẹ̀yìn. Táyà ọkọ̀ máa ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ti katakata kékeré nípọn, ó sì kúrú, kì í fẹ́ wọlé. Ó ti fi gbogbo etí táyà náà sínú ríìmù, ó ku ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó da omi ọṣẹ sí i. Ó kúnlẹ̀ lé e. Bí ó bá tẹ apá kan wọlé, apá kejì á yọ. Agogo ilé-ìwé dún lókè lọ́hùn-ún.

Ó wo àwọn irin pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń tú táyà, tó wà lára ògiri. Ẹnu wọn nípọn, ìyá náà ti fi ayùn ha gbogbo mímú wọn kúrò. Sukurudiráfà sì wà lórí tábìlì, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mú un, ó tì í bọ abẹ́ táyà, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́.

Táyà wọlé pọ̀ọ́.

Inú rẹ̀ dùn. Ó so pọ́ǹpù mọ́ fáàfù, ó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Táyà ń wú. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ó gbọ́ ọ. Súú. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

Ó tú táyà náà, ó fa túùbù jáde, ó sì fi omi wá a. Ihò náà kò ju hóró ìrẹsì lọ, níbi tí ẹnu sukurudiráfà ti gé e. Túùbù tuntun. Kò sí òmíràn. Ẹni tó ń tà á wà ní òdìkejì ìlú. Bí ìyá rẹ̀ bá dé, yóò wo ihò náà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ní, "Irin lo fi ṣe é." Ìyẹn nìkan kọ́. Yóò rán an lọ ra òmíràn, wọ́n á sì ya fótò náà láìsí i níbẹ̀.

Ó ha ojú ihò náà, ó fi gọ́ọ̀mù sí i. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Rọ́bà mọ èyí láti kékeré. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó tó. Ó lẹ rọ́bà pupa kan mọ́ ọn, ó sì dá túùbù padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fara balẹ̀, omi ọṣẹ àti orúnkún ló lò, táyà náà sì wọlé láìsí wàhálà kankan. Ìyẹn ló máa dùn ún jù nígbà tó bá yá.

Kò tíì fọ ọwọ́ tán tí Bàbá Gékoríko fi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wọlé. Bàbá arúgbó yìí ló ń wa katakata ilé-ìwé. "Ìyàwó mi" ló ń pè é, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń wà á lọ. Nígbà tí Rọ́bà wà ní kékeré, ó máa ń gbé e jókòó sórí rẹ̀ bó bá ti pa ẹ̀rọ.

"Màmá kékeré, kú iṣẹ́ o. Ìyá rẹ dà?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Wọ́n lọ fi ọwọ́ han dókítà."

"Ọwọ́ yẹn náà! Á san o." Ó nu orí rẹ̀. "Ìyàwó mi ò ní bàtà lẹ́sẹ̀ láti àná. Ọ̀gá wa sì ní kí n gé koríko etí pápá kí wọ́n tó ya fótò yín. Mo ní táyà ò tíì jáde. Wọ́n ní, ṣé èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Ṣé méjèèjì ti sùn?"

Rọ́bà wo ilẹ̀.

"Torí bí ọ̀kan ò bá tíì sùn," ni bàbá náà wí, "mi ò mú un. Màá jókòó síbí títí ìyá rẹ á fi dé. Kí wọ́n máa pariwo lọ́hùn-ún. Etí mi ti le."

Bí ó bá jókòó, ìyá rẹ̀ á bá a níbẹ̀. Á gbé táyà. Á tẹ̀ ẹ́.

"Méjèèjì ti sùn, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Àná ni Màmá ṣe wọ́n."

Bàbá Gékoríko fi àtàǹpàkò tẹ táyà kejì, bó ṣe rí ìyá náà tó máa ń ṣe é. Ó le. Ó mi orí pé ó dáa. "Ìyàwó mi á jó lónìí," ló wí. Rọ́bà bá a gbé táyà méjèèjì sínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí bàbá náà ti yà sí ìgboro, ó sáré lọ wọ aṣọ.

Pápá ilé-ìwé tẹ́jú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó sì parí sí gọ́tà onísìmẹ́ńtì. Etí yẹn ni koríko ti ga. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá tán, tí àwọn tó ga dúró lẹ́yìn, tí àwọn tó kúrú jókòó níwájú, katakata ń dún lápá ọ̀tún wọn. Bàbá Gékoríko ń gé e lọ gé e bọ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ fún ara yín pọ̀!" ni onífótò ń pariwo. "Ìwọ, bọ́ fìlà. Ẹ wo ọwọ́ mi. Bí ẹnì kan bá mira, fótò yín nìyẹn, èmi ń gba owó mi lọ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíńrín fi ìgúnpá gún Rọ́bà. "O ń rùn o."

Rọ́bà kò gbọ́ ọ. Táyà ló ń wò. Táyà tó wà ní ìhà gọ́tà ti rọ̀. Ẹlòmíràn kò lè mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ fọkanáísà ni. Ó rí i bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wú síta níbi tó fi kan ilẹ̀, tí katakata sì ń tẹ̀ sí apá ibẹ̀ díẹ̀. Bàbá náà ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lórí koríko iwájú.

Ó yẹ kó pariwo. Ó la ẹnu. Gbogbo kíláàsì wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé dúró lẹ́yìn onífótò, wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Kí ló máa sọ? Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, bí wọ́n bá ti ya fótò tán. Ó kù díẹ̀. Bí wọ́n bá ti yà á tán.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!" ni onífótò wí.

Ó yà á.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò pẹ́ rárá. Katakata dún gbìì, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì yí sínú gọ́tà. Bàbá náà fò, ṣùgbọ́n kò fò tán. Igbe tó ké, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olùkọ́ sáré, àwọn ọmọkùnrin sáré, wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà kò lè sáré. Ó dúró síbi tí wọ́n tò ó sí.

Ilé-ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ wà, wọ́n ń fi báńdéèjì wé e lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n gbé bàbá náà wọlé. Ìyá náà ti ibẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tààrà. Ó wo ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò rí táyà kankan.

"Ta ló jẹ́ kí táyà kejì jáde?"

"Bàbá ló mú un," ni Rọ́bà wí. "Wọ́n ní ọ̀gá ń pariwo mọ́ àwọn."

"O ò sọ fún un pé kò tíì sùn?"

"Mo sọ. Wọn ò gbọ́."

Bí irọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Ìyá náà bínú lọ sí ilé-ìwé. Ó dúró ní ọ́fíìsì ọ̀gá, Rọ́bà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yẹn. Ó wà á súnmọ́ gọ́tà. Díẹ̀ ló kù kó pa àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ilé rẹ̀ ni kó gbà lọ."

"Ó mọ òfin mi, Mà," ni ìyá Rọ́bà wí. "Ọmọ mi sọ fún un pé kò tíì sùn. Agídí ló fi mú un."

"Ẹ ò rí i? Ẹnu yín náà ló ti jáde."

Rọ́bà gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gbé táyà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n tún un ṣe. Ọwọ́ kan ni ìyá náà fi ń ṣiṣẹ́, Rọ́bà ń bá a di ríìmù mú. Ó fa túùbù jáde. Ó nà án. Ó rí rọ́bà pupa, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ṣí bí ètè.

Ó fi ìka ṣí rọ́bà náà kúrò, ó sì wo ihò abẹ́ rẹ̀. Ó wo tábìlì, níbi tí sukurudiráfà wà.

"Èmi ni mo yọ túùbù yìí nínú ọ̀rá rẹ̀," ló wí. "Tuntun ni."

"Màmá..."

"Irin lo fi ṣe é."

Ó jókòó lórí táyà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àga. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Mo ti dúró níwájú obìnrin yẹn. Mo ti sọ pé agídí ni bàbá yẹn ṣe. Bí mo bá ju túùbù yìí sórí ààtàn, kò sẹ́ni tó máa bi wá léèrè."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Rọ́bà fẹ́ kó jù ú. Ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó jù ú. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Pàúdà tó ta sí i ṣì wà níbẹ̀, ojú àtàǹpàkò kan sì wà láàárín rẹ̀. Ó tóbi ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

"Ó béèrè lọ́wọ́ mi," ló wí.

"Ta ni?"

"Bàbá Gékoríko. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ti sùn. Wọ́n ní bí kò bá tíì sùn, àwọn á jókòó dè yín. Mo ní ó ti sùn. Wọ́n tún bi mí. Mo ní ó dá mi lójú."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Kò nà án, kò sì bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó fi ọwọ́ tí kò wú wé gèlè rẹ̀ bó ṣe lè wé e mọ.

"Gbé túùbù náà," ló wí. "Má ṣe ká a. Kí wọ́n rí i."

Ní ọ́fíìsì yẹn, Rọ́bà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a fi ohun kankan kún un. Ó sọ ti sukurudiráfà, ó sọ ti gọ́ọ̀mù tí kò gbẹ, ó sọ irọ́ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ó dé ibi tó ti rí táyà tó rọ̀ tí kò sì pariwo, ó sì sọ ọ́ tán.

Ọ̀gá ilé-ìwé fi ọwọ́ lé orí tábìlì. "Mo ti sọ fún àwọn ọmọ Bàbá Gékoríko pé ẹ̀bi bàbá wọn ni," ló wí. "Nísinsìnyí mo ní láti lọ sọ fún wọn pé mo ṣì í sọ." Ó yíjú sí ìyá náà. "Iṣẹ́ ilé-ìwé yìí kò ní dé ṣọ́ọ̀bù yín mọ́. Ẹ má bẹ̀ mí."

"Mi ò bẹ̀ yín, Mà," ni ìyá Rọ́bà wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí bàbá yẹn ni mo wá kó jẹ."

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn. Bàbá Gékoríko dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè. Rọ́bà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ.

Bàbá náà wo òkè àjà. "Bí o bá sọ fún mi pé kò tíì sùn," ló wí, "ṣé o mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀? Màá jókòó. Màá máa dá àpárá. Ìyá rẹ á dé, á gbá ọ létí, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ó tán."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mò ń bínú. Má rò pé mi ò bínú. Ẹsẹ̀ mi ni." Ó pa ojú dé. "Ṣùgbọ́n padà wá lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí, oúnjẹ wọn ò sì níyọ̀."

Ó padà lọ lọ́la, ó sì ń lọ títí wọ́n fi dá bàbá náà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò lè tẹ búréèkì mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló ń jókòó sí báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sì ń wa katakata. Eré ló ń fi í sá. Bó bá ń kọjá, bàbá náà máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà tí fótò jáde, Tíńrín mú ti Rọ́bà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò dá àpárá kankan. "Wò ó," ló wí. "Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan lo wo ẹ̀gbẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ojú gbogbo wọn wà níwájú. Ti Rọ́bà wà ní ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ sì là. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ń sọ nǹkan.

Kò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ kan fótò náà mọ́ ògiri, lókè ibi tí táyà ti ń sùn, kò sì jẹ́ kó yọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tí kì í bà á jẹ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ túùbù ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá di ẹsẹ̀ èèyàn.